Ọ̀dà Abẹ́ Nọ́ọ̀tù

“Họ ọ̀dà kí o tó de wáyà.” Kò sí àgbà tí kì í pa òwe yìí ní Arórómi, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí rẹ̀? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọ̀rọ̀ àwọn rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìjà ọmọ ìyá méjì ló bí i.

Láwàní ló ni ọkọ̀ ìkéde ìlú. Bí èèyàn bá kú, bí ewúrẹ́ bá sọnù, òun ni í fi gbohùngbohùn orí ọkọ̀ kéde rẹ̀ káàkiri. Àbúrò rẹ̀, Múfútáù, tó jẹ́ rewáyà, ló bá a so gbohùngbohùn náà mọ́ bátìrì ọkọ̀. Nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, Láwàní fúnra rẹ̀ kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé. Ó ń dán gbinrin. Àfi bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùùùn! Bó bá tẹná, ariwo á lọ sókè. Bó bá dẹ ẹsẹ̀, á wálẹ̀. Ó kéde òkú, wọn kò gbọ́ orúkọ olóògbé; ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Múfútáù yẹ ẹ̀rọ wò títí, kò rí nǹkan kan. “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?”

“Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn? Ìwọ lo bà á jẹ́. Ìlara ń pa ọ́!”

Ó wọ ọkọ̀, ó ń ké kiri ìlú: “Ẹ má gbé ọkọ̀ yín fún Múfútáù mọ́ o! Baṣẹ́jẹ́ ni!” Tòun ti ariwo ẹ̀rọ, gbogbo ìlú gbọ́ ìyẹn yékéyéké. Ṣọ́ọ̀bù Múfútáù dá páropáro.

Lọ́jọ́ kan, Láwàní fẹ́ yọ bátìrì. Ó tú nọ́ọ̀tù tó mú wáyà bátìrì mọ́ irin ọkọ̀, ló bá rí ọ̀dà àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀. Òun ló tú u níjọ́sí, tó kun ibẹ̀, tó tún dè é. Wáyà kò fara kan irin mọ́, ìyẹn ló ń fa ariwo. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà náà títí irin fi funfun, ó de wáyà, ó tẹná. Ariwo ti lọ.

Ó gbé àkùkọ kan, ó wa ọkọ̀ lọ sílé àbúrò rẹ̀. “Iṣẹ́ èṣù ni, àbúrò mi. Ká gbàgbé ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wá.”

Múfútáù dìde. Ó jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ojú ọ̀bẹ lára irin, ọ̀rọ̀ sì yé e.

“Bọ̀dá mi, ẹ họ ọ̀dà kẹ́ ẹ tó de wáyà yìí. Èmi wá ńkọ́? Orí ọ̀dà lẹ fẹ́ dè mí mọ́. Ẹ̀rọ yín ti já gaara báyìí, ẹ fi kéde ẹni tó jẹ̀bi.”

“Kí n fi ẹnu ara mi ba ara mi jẹ́?”

“Ẹnu yẹn náà lẹ fi bà mí jẹ́.”

Láwàní gbé àkùkọ rẹ̀ padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó kéde ewúrẹ́ Ìyá Sàláwù tó sọnù, ohùn rẹ̀ mọ́ lóló. Kò dárúkọ àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí Múfútáù fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílùú, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà bá ń parí ìjà, tí ẹni tó ṣẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á wò ó lójú, wọn á ní: “Họ ọ̀dà kí o tó de wáyà.” Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́.