Àwọn Àlejò Ọwọ́ Àwẹ̀ró, àti Ìdí Tí Ọṣẹ Fi Ń Hó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ìwọ tó ń jẹ àgbàdo, máa jẹ ẹ́ lọ, àmọ́ jókòó tì mí. Ìtàn tó wà lẹ́nu mi yìí ń yọ̀ bọ̀rọ́. Bí mi ò bá tètè sọ ọ́, yóò bọ́ lọ.

Nígbà láéláé, kò sí ọṣẹ. Omi lásán làwọn èèyàn fi ń wẹ̀, Èérí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èérí, Òórùn ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn tí kò lóǹkà, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń yà sí lára èèyàn. Bí omi bá dé, Èérí á ní, "Omi, o kú ìrìn o. Máa kọjá." Omi á sì kọjá lóòótọ́.

Obìnrin kan wà, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àdín ló ń ṣe tà. Tó bá yan ẹ̀kùrọ́, tó gún un, tó sè é, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí ilé tí Èérí fẹ́ràn tó ọwọ́ yìí. Ó tẹ́ ẹní sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi abẹ́ èékánná ṣe yàrá àwọn ọmọ, ó ní kí Òórùn máa gbé abíyá.

Àwẹ̀ró kò bínú sí wọn. Ṣé èèyàn á lé àlejò ni? Ìgbà tí Àsàbí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bí àkọ́bí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó ròyìn ọmọ náà fún ewúrẹ́. Ó sáré lọ sílé Àsàbí kó lè gbé e. Ìyá Àsàbí dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Àna mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ṣé ọwọ́ yìí lẹ fẹ́ fi gbé e?"

"Òmíràn wà nílé tí mo gbàgbé ni?" ni Àwẹ̀ró dáhùn.

"Ẹ má bínú. Àárọ̀ ọ̀la la ó sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá bàbá ló yẹ kó gbé e jáde. Àmọ́ bí ọwọ́ yín bá ṣì rí báyìí, èmi ni n ó gbé e. Wọn ò ní sọ pé inú ààrò la ti bí ọmọ wa."

Àwẹ̀ró padà sílé, ó tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Èérí, ẹ dákun, ẹ máa lọ sílé yín."

"Ilé wo?" ni Èérí bi í. "Ṣebí ìwọ lo ní ká fi ibí ṣe ilé. Ara àwọn ọmọ ti mọlé."

Àwọn méjì ló wà nílé tí Àwẹ̀ró lè bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ọ̀kan ni Àdín, tó sanra, tó sì lójú àánú. Èkejì ni Omi Eérú, tí Àwẹ̀ró ń sẹ́ láti inú eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn aláró. Inú èyí kì í dùn sí ẹnikẹ́ni.

Ó kọ́kọ́ rán Àdín. Àdín dé àtẹ́lẹwọ́, ó kí wọn, ó bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó sì bá wọn jókòó. "Wọ́n ṣe mí lálejò dáadáa," ló wí. "Mi ò lè dìde báyẹn."

Ó rán Omi Eérú. Omi Eérú kò tíì dé ọ̀dọ̀ Èérí tó ti ń já Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ jẹ.

"Èmi kọ́ ni mo ní kí o bá jà," ni Àwẹ̀ró wí, ó ti ki ọwọ́ bọ inú omi tútù. "Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ lọ."

Ìgbà ọyẹ́ ni. Àdín ti dì nínú ìkòkò rẹ̀, ó ń sùn fọnfọn. Omi Eérú ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Àwẹ̀ró da ọ̀kan lé èkejì.

"Dìde, ọ̀lẹ," ni Omi Eérú pariwo. Àdín ta jí, ó ṣù ní kókókókó, ó sá lọ sókè. Omi Eérú jókòó sísàlẹ̀, ó ń kùn. Àwẹ̀ró rò wọ́n títí apá fi ro ó, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn ni.

Èérí yọjú láti àtẹ́lẹwọ́. "Ìyàwó mi, wá wo àwọn tó fẹ́ lé wa."

Àwẹ̀ró rò pé òtútù ló fa ìjà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé ìkòkò náà ka iná, ó koná mọ́ ọn. Ara Àdín náà wá gbóná. "Ta lò ń pè lọ́lẹ láàárọ̀?" ló bi Omi Eérú. Ni àwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà. Wọ́n hó, wọ́n ru, wọ́n bo ẹnu ìkòkò, wọ́n paná. Ewúrẹ́ Àwẹ̀ró lọ sùn nílé aládùúgbò.

Àwọn ọmọ Èérí ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ èékánná. "Màmá, ẹ tún un ṣe."

Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú ìkòkò Àdín, díẹ̀ nínú ti Omi Eérú. Nígbà tó di ìdájí, ìrètí Àwẹ̀ró ti pin. Ó ní, bí wọn ò bá jẹ́ kí òun gbé ọmọ, wọn ò lè ní kí òun má gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó po omi gbígbóná mọ́ tútù, ó ti ìgúnpá bọ̀ ọ́ láti tọ́ ọ wò, nítorí ọwọ́ ayan-ẹ̀kùrọ́ kì í mọ iná.

Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgúnpá Àwẹ̀ró sì dúró síbẹ̀.

"Kò gbọdọ̀ gbóná, ọmọ á ké. Kò gbọdọ̀ tutù, ọmọ á ké," ló ń bá ara rẹ̀ sọ. "Bóyá ọmọ jòjòló làwọn méjì yẹn náà."

Ó yọ́ Àdín díẹ̀díẹ̀. Ó mú kí Omi Eérú náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń fi ìgúnpá kan ikùn ìkòkò kan, ó ń kan èkejì, títí ìgúnpá kò fi mọ èyí tó yàtọ̀ mọ́. Ìgbà náà ló wá rọra ń da Omi Eérú sínú Àdín.

"Àdín, ẹ kú ìdájí," ni Omi Eérú wí. Kò kí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni Àdín dáhùn. "Ẹ̀yin náà mà mọ èèyàn kí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ. Àwẹ̀ró ń fi orógùn rò wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ki bí ògì, ó ki bí ẹ̀kọ, títí Àwẹ̀ró kò fi dá ohùn ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Ó bu díẹ̀ lára rẹ̀, ó gbé omi ọmọ, ó gba ilé Àsàbí lọ.

Lójú Ìyá Àsàbí ló ti wẹwọ́. Ojú Àdín nìkan ni Èérí rí. "Ọ̀rẹ́ wa ti padà," ló wí, ó sì dì mọ́ ọn. Àṣé Omi Eérú wà nínú Àdín, ó ti gbá Èérí nídìí mú. Ẹ̀rín pa àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ìfófòó funfun tó kún ọwọ́ Àwẹ̀ró.

Ìyá Àsàbí yí ọwọ́ tó ti mọ́ náà síwá sẹ́yìn. Ó gbé ọmọ, ó gbé e lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọlọ́ṣẹ kì í ti í po àdín mọ́ omi eérú láìkọ́kọ́ mọ bí ara àwọn méjèèjì ṣe rí. Láti ọjọ́ náà ni ọṣẹ ti ń hó bí ọwọ́ bá kàn án, nítorí ẹ̀rín yẹn ò tíì tán nínú wọn.

Àwẹ̀ró gbé ọmọ jáde. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Lójú àgbàrá ẹ̀yìnkùlé, Èérí ló ṣáájú, àwọn ọmọ tò tẹ̀lé e, ìfófòó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Òórùn ló bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn láti abíyá, ó ń bèèrè bóyá ẹnì kan rí ẹní wọn títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.