Iná Abẹ́ Omi

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò gba oko, kò gba ọjà. Etí omi ló gbà lọ, ó sì bá Awọ́nrínwọ́n níbẹ̀ tó ń la ẹnu. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọdé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi fi etí sí i.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Odò wọn gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Nígbà tí òjò padà dé, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí omi sá lọ mọ́. Gbogbo wọn ru òkúta, wọ́n po amọ̀, wọ́n sé odò náà láàárín òkè méjì. Omi dúró. Ó fẹ̀ títí ó fi di adágún ńlá. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kì í rí bákan náà yípo ọdún. Lásìkò òjò, ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń gbé ìtì igi wá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà ọyẹ́, bí o bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, eyín rẹ á máa lu ara wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi Awọ́nrínwọ́n ṣe ẹni tí yóò máa yẹ omi wò. Awọ́nrínwọ́n dà bí alángbá, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ níye ìgbà. Ìrù rẹ̀ gùn bí pàṣán, ó sì mọ omi í wẹ̀. Láràárọ̀, á ti ìrù bọ omi, á sì kéde: "Omi dára lónìí, ẹ wọ̀ ọ́." Tàbí: "Omi ń ru, ẹ di ọmọ yín mú." Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí kò parọ́ fún wọn rí.

Ohun kan ni Awọ́nrínwọ́n fẹ́ràn ju ara rẹ̀ lọ. Ẹyin ni.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an. Ní òwúrọ̀, kùrukùru ń gòkè lójú omi bí èéfín. Awọ́nrínwọ́n wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pe gbogbo ìlú jọ.

"Ṣé ẹ rí èéfín yìí?"

"A rí i, Bàbá."

"Iná mi ni. Abẹ́ omi ni mo ń dá a sí nítorí yín. Ẹ padà wá lọ́sàn-án, ẹ ó rí i pé omi á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àmọ́ ẹyin ni iná náà ń jẹ. Kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan mú ẹyin kan wá. Ẹni tí kò bá yé ẹyin, kó lọ wá a."

Wọ́n padà wá lọ́sàn-án. Lóòótọ́, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹyin wá, Awọ́nrínwọ́n sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń dáná sómi?
Èmi ni, èmi ni.
Ẹyin ni igi ìdáná,
Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá.

Pẹ́pẹ́yẹ wà nílùú náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹyin méje ló yé. Ó gbé ọ̀kan lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Awọ́nrínwọ́n ní iná ti ń kú, kí wọ́n mú méjì-méjì wá. Pẹ́pẹ́yẹ gbé méjì lọ. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, Awọ́nrínwọ́n fúnra rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, iná ń béèrè."

"Mélòó ló ń béèrè?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin péré ló kù sí mi lọ́wọ́."

"Mo mọ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó lé ẹyin rẹ̀, ó na ìyẹ́ bò wọ́n. "Bàbá, ẹyin mi kì í ṣe igi ìdáná. N kò ní mú un wá."

"Nígbà náà, o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi. Bí o bá wọ̀ ọ́, iná á kú, òtútù á sì pa gbogbo ìlú. Ọrùn rẹ ni ẹ̀bi á wà."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àparò, aládùúgbò rẹ̀, wá bá a pẹ̀lú omijé lójú. "Ìyá, ẹ fún un. Èmi ti kó tèmi tán. Ilé mi dákẹ́ lọ lọ lọ."

"Ilé rẹ dákẹ́, o wá fẹ́ kí tèmi náà dákẹ́?"

Àparò nu ojú rẹ̀, ó padà sílé.

Àgbọ̀nrín, àgbà ìlú, náà dé. Ó ní bí kò bá gbé ẹyin sílẹ̀, kó kó kúrò nílùú. Pẹ́pẹ́yẹ wò ó lójú. "Bàbá, mo ru òkúta síbi tí a ti sé omi yẹn. Ẹsẹ̀ mi pẹlẹbẹ yìí ni mo fi po amọ̀ rẹ̀. Mi ò lọ síbì kankan."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ó fi ewé bo ẹyin rẹ̀ nínú ìtẹ́ tó wà nítòsí omi, ó ní kí Àparò máa wò wọ́n láti bèbè. Ó kọjú sí omi. Gbogbo ìlú ti pé síbẹ̀. Awọ́nrínwọ́n pariwo títí. Pẹ́pẹ́yẹ kò dúró. Ó wọnú omi.

Wọ́n ń retí òtútù. Òtútù kò dé. Ó wẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó wẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó mòòkùn. Ó pẹ́ lábẹ́ omi. Nígbà tó jáde, ńṣe ló ń gbọ̀n.

"Ojú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó ní. "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù bí òkúta inú ihò. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọbẹ̀, bí a bá gbé ìkòkò kaná, níbo ló ti kọ́kọ́ ń gbóná?"

"Ìdí ni," Àparò dáhùn.

"Kí ló wá dé tí ìdí omi yìí fi tutù, tí ojú rẹ̀ ń móoru? Ibi tí ooru yìí ti ń bọ̀, òkè ni. Ẹ gbójú sókè."

Wọ́n gbójú sókè. Oòrùn ta wọ́n lójú.

"Ojú pẹ́pẹ́yẹ kò lè rí iná mi," Awọ́nrínwọ́n ní.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, Bàbá. Ẹ fi hàn mí. Bí mo bá rí i, ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di tiyín."

Ẹyin mẹ́rin. Itọ́ dà lẹ́nu Awọ́nrínwọ́n. Ó rò ó pé èémí Pẹ́pẹ́yẹ kò ní gbé e pẹ́, pé òun á kàn sọ pé kò dúró tó láti rí i ni. Ó bẹ́ sómi. Wọ́n jọ mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ní ìyẹ́ tó ń gbà á lọ́wọ́ òtútù. Awọ́nrínwọ́n kò ní. Ó ń nawọ́ síhìn-ín, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún, ó ń ṣe bí ẹni tó rí iná nínú òkùnkùn. Kò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ó fẹ́ ju ìrù, ìrù kọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rí i pé ó ti ń kú lọ. Ó fi ẹnu gbá a mú lọ́rùn, ó ń fà á bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀, títí Àgbọ̀nrín fi wọ omi wá bá a fà á.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpáta bí igi gbígbẹ. Oòrùn ń ràn sí i. Nígbà tó yá, ó la ojú kan. Ọmọ ìka rẹ̀ mira. Àwọn tó wá wò ó ṣíji bò ó, ó sì kérora: "Ẹ kúrò lójú oòrùn. Ẹ jẹ́ kó ràn sí mi."

Pẹ́pẹ́yẹ súnmọ́ ọn. Kò pè é ní Bàbá mọ́.

"Ta ló ń mú ara rẹ yá yìí?"

"Oòrùn ni."

"Ẹyin mélòó lo fún un?"

Awọ́nrínwọ́n dijú.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbọ̀nrín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Pẹ́pẹ́yẹ níwájú gbogbo ìlú, ó ní kó gba iṣẹ́ náà. Pẹ́pẹ́yẹ ní rárá, kí oníkálukú máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yẹ omi wò. Ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa ọmọ. Ti Àparò kò padà wá, ìyẹn ló sì máa ń dùn mí jù bí mo bá ń pa àlọ́ yìí. Láti ọjọ́ náà ni Awọ́nrínwọ́n ti máa ń sùn sórí àpáta, tí á yá oòrùn dáadáa kó tó wọ omi. Bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìtìjú á mú un, á sì sá wọgbó.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ ilé yìí. Ohun tí gbogbo wa jọ fi ọwọ́ wa ṣe, kí ẹnì kan má wá sọ pé òun ló ń mú un móoru fún wa. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó, ẹ jókòó lé ẹyin yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, kí ẹ lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi fúnra yín.