Ọjọ́ tí Ìjàpá Kó Oúnjẹ Lọ sí Erékùṣù

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ń bọ̀ o!
(Kó máa bọ̀, ọ̀nà là!)
Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ kẹ́rẹ́, ó wọ ọkọ̀ ọpọ́n, ó ń fì lójú omi, ó di orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó di orí Erinmi, ẹran ńlá inú odò tó ń jáde wá jẹ oko olóko. Ẹ fara balẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ẹni tó kọ́ ọ ní ìwà yẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, iṣẹ́ oko dínkù, àwọn ẹranko jókòó sílé, wọ́n ń yán. Odò ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú fà, àwọn erékùṣù sì yọ lójú omi. Èyí tó dára jù nínú wọn ni Erékùṣù Alágbọn. Igi àgbọn ibẹ̀ ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ nìkan ló lè gbé èèyàn débẹ̀. Yánníbo kò wọ ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Bó bá lọ pọnmi láàárọ̀, á gbé ìkòkò kalẹ̀, á máa wo àwọn igi náà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Baálé mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "ṣé a ò lè lọ najú níbẹ̀, ká sì padà kílẹ̀ tó ṣú?"

"A ó lọ," ni Ìjàpá dáhùn. Inú Yánníbo dùn. Kò mọ̀ pé bí òun ṣe ń ro afẹ́fẹ́, oúnjẹ ni ọkọ òun ń rò.

Ìjàpá pe Àgbò, ó pe Ajá, ó pe Òkété. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe fàájì ní Alágbọn lọ́la. Kí kálukú se oúnjẹ wá. Tèmi ni ètò."

"Ètò wo nìyẹn?" Òkété bi í.

"Ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọkọ̀, ibi tí a ó jókòó sí, ìgbà tí a ó jẹun. Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni?"

"Kí nìwọ máa sè?" ni Ajá wí.

"Ajá, ètò yìí náà kọ́ ni mò ń sè látàárọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Ilẹ̀ mọ́. Àgbò ru iṣu sísun. Òkété gbé àgbàdo sísè. Ajá gbé ọ̀jọ̀jọ̀ tó ṣì ń gbóná. Yánníbo ró ìró tuntun, ó gbé igbá mọ́ínmọ́ín sórí. Pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́kọ̀ ti ń dúró dè wọ́n létí omi.

"Ẹ dúró!" Ìjàpá nawọ́. "Ọkọ̀ yìí kéré. Bí èèyàn àti ẹrù bá jọ wọ̀ ọ́, á rì. Ẹ jẹ́ kí ẹrù ṣáájú, èmi á bá a lọ kí n máa ṣọ́ ọ."

Yánníbo wo ojú ọkọ rẹ̀. "Ìwọ á ṣọ́ oúnjẹ?"

"Ta ló tún kù? Ṣé Ajá ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí Ajá. Ajá ń lá ẹnu, ó tẹjú mọ́ ọ̀jọ̀jọ̀. Wọ́n gbà pé kí Ìjàpá máa lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dé àárín odò, Ìjàpá rí erékùṣù kékeré kan lẹ́yìn koríko. Ó rí rìbìtì, ó ń dán, kò sí igi kankan lórí rẹ̀.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ já mi sí."

"Ṣé Alágbọn kọ́ lẹ wí ni?"

"Ọ̀bọ pọ̀ ní Alágbọn, olè sì ni wọ́n. Ẹ gbé àwọn yòókù lọ síbẹ̀, kí wọ́n wòran títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn wá bá mi ká jẹun. Ẹ má kánjú o."

Pẹ́pẹ́yẹ na ọrùn. "Èmi ò rí erékùṣù yìí lánàá."

"Omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Àbí ẹ fẹ́ kó wá kí yín nílé kó tó yọ ni?"

Pẹ́pẹ́yẹ kó ẹrù sílẹ̀, ó tukọ̀ padà lọ gbé àwọn yòókù.

Ìjàpá ní òun á kàn tọ́ ọ̀kan wò nínú mọ́ínmọ́ín. Ó tọ́ ọ wò títí igbá fi ṣófo. Ó kọjú sí ọ̀jọ̀jọ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ti mọ ohun tí yóò wí: àwọn ọ̀bọ ló wá kó o. Ó bu iṣu, ikùn rẹ̀ ti le kankan, iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri wọ omi.

"Sọ òmíràn sílẹ̀," ni ohùn kan wí.

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta nìyẹn?"

"Ẹni tí o jókòó lé lórí ni."

Ẹ̀yìn Erinmi ni! Ìjàpá yára dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Oúnjẹ yìí kò bá ará omi lára mu o. Inú á máa run yín."

"Jẹ́ kó run mí."

Erinmi gbọn ara pẹ́rẹ́. Iṣu dà sómi, àgbàdo dà sómi. Ó la ẹnu gbàgà, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Látọjọ́ tó ti ń jẹ koríko odò, kò jẹ irú rẹ̀ rí. "Níbo lẹ ti ń rí nǹkan yìí?" Bó ti ń bi í ni ó ń rì díẹ̀díẹ̀.

"Oko ni!" Ìjàpá ké. "Oko wa tó wà létí odò! Iṣu Àgbò wà lápá ọ̀tún, àgbàdo Òkété wà lápá òsì! Lóru, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rì!"

"O ṣeun," ni Erinmi wí, ó sì rì.

Ìjàpá dojú sókè lórí omi bí igbá, ó figbe orin bọnu:

Pẹ́pẹ́yẹ, tukọ̀ wá o,
Túwẹ̀, túwẹ̀!
Erékùṣù ti rìn lọ o,
Túwẹ̀, túwẹ̀!
Ikùn mi wúwo, n ò lè wẹ̀,
Túwẹ̀, túwẹ̀!

Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́, ó sáré tukọ̀ wá, ó fà á jáde, ó gbé e lọ sí Alágbọn.

Ẹ wo Yánníbo níbẹ̀! Ó jókòó sábẹ́ igi, omi àgbọn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀bọ ló ń já àgbọn fún wọn, àwọn náà ló ń bá wọn fọ́ ọ.

"Oúnjẹ wa dà?" ni Àgbò bi í.

Ìjàpá kò tilẹ̀ wojú ẹni tó dúró níbẹ̀. "Àwọn ọ̀bọ ti kó o lọ."

"Àwa wo?" ni àgbà ọ̀bọ wí, àgbọn lọ́wọ́.

Ilé ẹ̀rín wó. Yánníbo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ewé mọ́ínmọ́ín kúrò lágbọ̀n ọkọ rẹ̀, ó wò ó, ó jù ú nù. "Mo jí sè é nítorí kí gbogbo wa lè jọ jẹ ẹ́," ló wí. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó lọ bá àwọn yòókù.

Ojú ti Ìjàpá débi pé kò lè sọ ohun tó bá Erinmi sọ. Nígbà tí Àgbò àti Òkété fi máa dé oko ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ńláńlá ti tẹ ebè mọ́lẹ̀, iṣu àti àgbàdo ti lọ. Ìgbà yẹn ni Ìjàpá tó jẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní ọkọ́, wọ́n ní kó kọ gbogbo ebè náà padà.

Ìdí nìyí tí Erinmi fi ń sùn sínú omi lójú ọ̀sán, tó bá di òru, á gòkè wá jẹ oko tó wà létí odò. Ìjàpá ló júwe ọ̀nà fún un.

Àlọ́ mi parí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ikọ́ mú mi. Ṣùgbọ́n n ò parọ́, ẹ gbọ́ ohùn mi bó ṣe ń já geere. Ẹ kú ìgbọ́ o!
(Ẹ kú ìpàlọ́ o!)