Odò Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Fídíò

"Odò ọlọ́dò kì í ba ọmọ lẹ́rù." Bí ẹ bá ti jókòó ti àwọn àgbà Òkè-Àrán rí, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láyé àwọn baba ńlá wa ló ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé ogún ọdún, mo sì mọ obìnrin tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìyá Ìbídùn ni. Ẹní ló ń hun tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbídùn, wà ní kíláàsì kẹrin nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Bí ẹja ni Ìbídùn rí nínú odò Àwẹ̀mọ́ tó ṣàn gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wọn kọjá. Kò sí ọmọ tó lè lúwẹ̀ẹ́ bá a.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n gbé olùkọ́ tuntun kan wá sí kíláàsì Ìbídùn, Tíṣà Adétọ̀hún, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń jáde lọ tọ̀ léraléra, tí wọ́n sì ń fún ojú pọ̀ bí wọ́n bá ń padà bọ̀. Nígbà tó wádìí, ó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Àtọ̀sí ajá ni àwọn ará ìlú ń pè é. Wọ́n ní kò sí ọmọ tí kì í ṣe, pé bí wọ́n bá dàgbà yóò lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà mọ̀ pé àìsàn náà lè ba àpò ìtọ̀ ọmọ jẹ́ títí ayé.

Ó wá nǹkan tí yóò fi hàn wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí fídíò kan tí dókítà kan ṣe nílẹ̀ òkèèrè. Fídíò náà fi hàn bí aràn kan tí ojú lásán kò lè rí ṣe ń jáde lára ìgbín inú omi, tó sì ń gba awọ ara wọ inú ẹni tó bá bọ́ sódò. Dókítà náà kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni tó bá wù ú lè mú un, kó pín in, kó gé e, kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó ṣáà ti dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é.

Tíṣà fi í han àwọn ọmọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe ń lọ. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́wàá, wọ́n dáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí tó gba etí odò kọjá, gbogbo wọn ló bá nínú omi.

"Ìbídùn! Ṣé ẹ ò rí ohun tí mo fi hàn yín láàárọ̀ ni?"

"A rí i, mà." Ọmọ náà fọwọ́ nu omi kúrò lójú. "Ṣùgbọ́n igi etí odò wọn ò jọ tibí. Ìgbín ló wà nínú tiwọn. Ìṣáwùrú nìkan ló wà nínú tiwa."

Tíṣà yí ẹsẹ̀ padà. Ó gba ilé Ìyá Ìbídùn lọ, ó bá a nídìí ẹní, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà ò tilẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ẹ má dá wọn lẹ́bi, Tíṣà. Odò ọlọ́dò kì í ba ọmọ lẹ́rù."

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn Tíṣà. Ó tún ohun tí dókítà kọ kà. Pípín nìkan ló ti ṣe. Kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ó bá yọ odò òkèèrè náà kúrò nínú fídíò. Ó fi fóònù rẹ̀ ya Àwẹ̀mọ́: òkúta tí àwọn ọmọ máa ń fò láti orí rẹ̀, àti ìṣáwùrú, ìgbín inú omi tí aràn náà ń ti ara rẹ̀ jáde, tó lẹ̀ mọ́ ewé òṣíbàtà. Àwòrán aràn tí dókítà yà ni kò yọ. Ó ku ohùn tí yóò máa ṣàlàyé. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àfi bí Ìbídùn ṣe wá bá a.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, mà. Ó ń ṣe èmi náà."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó fárígá. "Kí gbogbo ayé máa gbọ́ pé ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀? Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?"

"Ojú rẹ̀ ò ní hàn, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀," ni Tíṣà wí. "Bí ẹ bá sì ní rárá, ọ̀rọ̀ tán."

Ìyá Ìbídùn yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe fídíò ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ òrùlé òun, òun ò sì mọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí a jẹ iṣu tuntun èṣí, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí ni."

Obìnrin náà fi ẹní sílẹ̀, ó sì fa ọmọ mọ́ra. "Sọ ọ́," ó ní. "Sọ ọ́ kó yé wọn."

Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí ni wọ́n fi fídíò náà hàn. Bí àwọn ọmọ ṣe rí òkúta wọn, wọ́n sún mọ́ iwájú. Wọ́n gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń sọ bí ìtọ̀ ṣe ń ta á, tó sì ń sọ pé kí wọ́n fi omi tí wọ́n pọn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì wẹ̀, nítorí aràn inú rẹ̀ yóò ti kú. Kò sẹ́ni tó béèrè ohùn ta ni. Baba kan kàn dìde, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó kọrí sí ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá. Ìbídùn lò ó, ara rẹ̀ sì yá. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ọmọ ló kúrò lódò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún wí pé àìsàn àwọn ará òkèèrè ni.

Tíṣà fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní Lápité. Èsì tó padà wá kúrú: "Àwọn ọmọ tèmi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní odò Òkè-Àrán ló burú, pé tiwọn mọ́." Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá kọ̀wé padà: "Ìyá kan níbí ló sọ pé odò ọlọ́dò kì í ba ọmọ lẹ́rù. Yọ tiwa kúrò, fi tiyín sí i. Orúkọ dókítà nìkan ni kí o má yọ." Bẹ́ẹ̀ ni fídíò náà ṣe ń ti ìlú dé ìlú, tí olúkúlùkù ń fi odò tirẹ̀ sí i, tí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbídùn sì ń bá a lọ.

Ohun tó bí òwe náà nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń pa á fún olùkọ́ tó fi àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ ọmọ ilé, tó wá ń bínú pé ẹ̀kọ́ náà ò wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tó gbọ́ àjálù tó bá ará ibòmíràn, tó mi orí, tó kọjá lọ. Wọn kì í ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a pa òwe náà tán, wọn a wojú onítọ̀hún, wọn a ní: "Tìrẹ ńkọ́?"