Aṣọ Tó Bo Arógunmátìdí Nímú

Ní abúlé Ìdí-Ọsàn, Láwuyì àti Àwẹ̀ró, aya rẹ̀, ní ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan tí wọ́n fi ń kó gbágùúdá lọ sọ́jà. Arógunmátìdí ni wọ́n sọ ọ́. Inú rẹ̀ ni Àwẹ̀ró bí Ìyíọlá, ọmọ wọn, sí lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nítorí náà, Àwẹ̀ró kì í pè é ní irin. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó mú aṣọ òfì rẹ̀ tó nípọn, ó dà á bo iwájú ọkọ̀ náà, ó sì so etí rẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí òtútù má baà mú un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí wọ́n bá ti ń gun òkè tó wà lọ́nà ọjà, omi inú rẹ̀ á hó, èéfín á bo ojú ọ̀nà.

“Ogbó ti dé sí i,” ni Láwuyì wí. “Bí ó bá tún hó lónìí, àwọn tó ń ra àlòkù irin ni mo máa tà á fún.”

Àwẹ̀ró kọjú sí i. “Bàbá Ìyíọlá, ẹ̀yin náà ń wúkọ́ láti ìjẹta. Ta ni kí n tà yín fún?”

Wọ́n wà á lọ sọ́dọ̀ Túnbọ̀sún, mẹkáníìkì wọn. Àwẹ̀ró rọra tú aṣọ náà kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè ṣí, ó ká a sórí itan. Túnbọ̀sún yẹ omi wò, ó kún. Bẹ́líìtì kò dẹ̀, páìpù kankan kò jò. Ó ta ẹ́ńjìnnì jí, ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà tí wọ́n gbé e wá tẹ́lẹ̀.

“Màmá, ọkọ̀ yín dà bí ọmọ tí ibà rẹ̀ máa ń lọ bó bá ti rí nọ́ọ̀sì,” ni Túnbọ̀sún wí. “Ó yá, mo máa bá yín gun òkè náà.”

Bó ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ló rí Àwẹ̀ró tó ń so òfì padà.

“Kí nìyẹn, Màmá?”

“Aṣọ rẹ̀ ni. Ọyẹ́ ń fẹ́.”

Láwuyì bú sẹ́rìn-ín. Túnbọ̀sún kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi aṣọ yẹn bo ẹnu àti imú yín, Màmá, kí ẹ wá sáré dé ìdí igi mángòrò yẹn.”

Àwẹ̀ró kò tíì sáré dé ìdajì ọ̀nà tó fi ṣí aṣọ kúrò, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Bó ṣe ń rí lára tirẹ̀ náà nìyẹn,” ni Túnbọ̀sún fi pẹ̀lẹ́ sọ. “Afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú wọlé ló ń mú kí omi rẹ̀ tutù. Níbí, ẹ máa ń ṣí i, ara rẹ̀ á balẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ máa ń bò ó.”

Àwẹ̀ró fọwọ́ pa ọkọ̀ náà níwájú. “Arógunmátìdí, má bínú. Mo rò pé mò ń kẹ́ ọ ni.”

Wọ́n gun òkè náà láìdaṣọ bò ó. Omi kò hó, Láwuyì kò sì sọ̀rọ̀ àlòkù irin mọ́. Ikọ́ nìkan ló ń wú. Àwẹ̀ró na òfì, ó fi bò ó léjìká. “Ẹ̀yin náà, mi ò ní tà yín,” ó wí, “ṣùgbọ́n mi ò ní dé imú yín.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Ọsàn fi ń pa á lówe pé: A kì í torí ìfẹ́ daṣọ bo ẹni nímú.