Eruku Tó Wà Láàárín

Ọkùnrin kan ń bẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ojú wọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò lè rìn. Ó mọ irú ìràwọ̀ kan tí agbára iná wọn dọ́gba, bí gílóòbù inú páálí kan náà. Èyí tó bá tàn yòò, ó sún mọ́ wa. Èyí tó bá ṣe bàìbàì, ó jìnnà.

Ó rí agbo ìràwọ̀ kékeré kan tó ṣe bàìbàì gan-an. Ó ní, "Àjèjì ni. Kò sí lára ẹbí agbo ńlá tí ayé wa wà nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wọn àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú kejì. Bí ìyẹn bá pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á tutù, gbólóhùn méjì, ó parí. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, tó ń béèrè ọmọ rẹ̀ kékeré, ẹ̀gbọ́n ní, "Màámi, ẹni yẹn ti jìnnà sí wa." Kò ránṣẹ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo àwòrán agbo kékeré náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni ọyẹ́ mú, àbí ọpọlọ yín? Ẹ wo oòrùn níta."

Oòrùn pọ́n bí epo, ó ṣe bàìbàì.

"Ṣé ó jìnnà sí wa ju ti àná lọ ni?"

Ọkùnrin náà tún àwòrán wò. Àwọn ìràwọ̀ náà pọ́n ju bó ti yẹ lọ. Eruku ojú ọ̀run ló bo iná wọn. Ó ṣírò iye iná tí eruku jẹ, ó tún wọn ọ̀nà náà. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n wà.

Ó rántí ohùn tútù àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú ọ̀nà ìlú kejì pọ̀n.

Àbúrò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, kò dọ̀bálẹ̀. "Kí lẹ wá ṣe? Wọ́n ní ẹ sọ pé ojú ń tì yín láti pè mí lọ́mọ ìyá yín."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Gbogbo ayé."

"Èmi kò sọ ọ́. Màámi ń béèrè rẹ."

Àbúrò náà kò dúró wọ bàtà.

Wọ́n bá ìyá wọn láàyè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ẹni tí o ní ó ti jìnnà sí ọ, ǹjẹ́ o ti yẹ eruku wò? Eruku ọyẹ́, òjò ní í fọ̀ ọ́. Ti àárín yín, ẹsẹ̀ rẹ ni. Dìde.