Bí Ìjàpá Ṣe Mu Ìsun Ìlú Tí Kò Fẹ́ Tọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, ó dúró sí etí ìsun kan, níbi tí Ẹtu ti ń ṣọ́ omi.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀ ní ìlú àwọn ẹranko. Odò gbẹ. Kànga gbẹ. Ìsun kékeré kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀dá yìí ló pa ìyàwó Ẹtu. Ó wá ku òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀. Ẹtu sin ìyàwó rẹ̀ tán, ó ní òun ni yóò máa ṣọ́ ìsun náà, nítorí òun kò fẹ́ sin ọmọ.

Ìlú ṣòfin. Igbá kan ni kí kálukú mu láàárọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ mu, kó kọ́kọ́ fi ibi tó tọ̀ sí han Ẹtu, kó lè dájú pé omi àárọ̀ ti ṣiṣẹ́, ó ti kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Àparò béèrè pé òun tí kì í tọ̀ ńkọ́? Ẹtu ní kó fi ìgbẹ́ rẹ̀ han òun, funfun orí rẹ̀ ni ìtọ̀ tirẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Ìjàpá nìkan ni kò gbà nínú ara rẹ̀. Lójú tirẹ̀, omi tó bá ti jáde ti ṣòfò. Bí òun bá ń mu tí òun kò tọ̀, lọ́jọ́ tí ìsun bá gbẹ, òun nìkan ni òùngbẹ kò ní gbẹ.

Ó mu láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó padà dé, ó nàka sí ilẹ̀ tútù kan lẹ́yìn igbó. Ẹtu wò ó, ilẹ̀ tutù lóòótọ́, ó bu omi fún un. Ó tún dé lọ́sàn-án. Ó tún dé nírọ̀lẹ́. Ó ń dà á sọ́nà ọ̀fun, gọ̀lọ̀, gọ̀lọ̀, gọ̀lọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, igbá Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìsàlẹ̀ ìsun. Àwẹ̀ró kò rí omi mu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹtu dúró, ó dá orin:

Ìsun ìlú, ta ní ń mu ọ́?
*Tèrè o, tèrè!*
Ẹni tó mu kó tú u sílẹ̀,
*Tèrè o, tèrè!*
Ọmọ ń bẹ nílé, ẹnu rẹ̀ gbẹ,
*Tèrè o, tèrè!*
N ò ní kúrò títí n ó fi rí i,
*Tèrè o, tèrè!*

Nígbà tí Ìjàpá tún mú un lọ síbi ilẹ̀ tútù, Ẹtu kò fi ojú nìkan wò mọ́. Ó tẹ imú sílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Alábahun, ìtọ̀ Ẹfọ̀n nìyí."

"Bàbá Àwẹ̀ró, èmi ni mo tọ̀ ọ́."

"Bí o bá bọ́ sínú rẹ̀, yóò bò ọ́ mọ́lẹ̀."

Ìjàpá ní ti òun gan-an wà nílé. Ẹtu tẹ̀ lé e délé. Ẹ̀yìnkùlé gbẹ, eruku ń sọ lálá. Ìjàpá fẹ́ fa orí wọ inú ìkarahun, kò ṣeé ṣe, omi ti gba gbogbo àyè. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí láti ìjẹta," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò jáde mọ́."

Ìlú péjọ. Àwọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó bẹ́. Ẹfọ̀n ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Inú bí Ẹtu náà, nítorí omi ọmọ rẹ̀ wà nínú ikùn yẹn. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Mo ti wo ẹnì kan kú nítorí omi," ó ní. "N kò ní wo ẹnì kejì."

Ó ki ìwo bọ abẹ́ Ìjàpá, ó gbé e sókè fẹ́ẹ́. Ìjàpá kò kúrò nílẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jà lófuurufú, ẹ̀rù bà á dé inú eegun. Ló bá tú ìtọ̀ sílẹ̀, ṣọ̀ọ̀ọ̀rọ̀! Ó dà sí Ẹtu lórí, ó ṣàn wọ etí rẹ̀. Ẹtu kò gbé e sílẹ̀ títí ẹ̀kán ìkẹyìn fi jábọ́.

Láti ọjọ́ náà, igbá kan péré ni Ìjàpá ń rí mu lóòjọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìsun ti sun dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró mu igbá tirẹ̀ tán. Lọ́sàn-án, ó lọ sẹ́yìn igbó, ó tọ̀. Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀ tútù náà pẹ́, ó wá jókòó, ó sinmi.

Títí dòní, bí ẹ bá gbé ìjàpá kúrò nílẹ̀, yóò tọ̀ sí yín lọ́wọ́.

Ibí ni mo bá àlọ́ mi dé, ibí ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbé ìjàpá wò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ara tó ń gbà gbọ́dọ̀ máa tú sílẹ̀. Ẹ mu omi tó tó yín, ẹ má mu ti ẹlòmíràn, bí ìtọ̀ bá sì ń gbọ̀n yín, ẹ má pa á mọ́ra.